Kòkó Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Gàrúbà lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ire ẹlòmíràn bá ń bí nínú.

1.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Gàrúbà ní Ìkirè. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Ìkirè àti Àpómù ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú kòkó. Bí a bá fọ́ ọ tán, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà, kí ooru mú un dáadáa, kí a tó sá a sóòrùn. Bí a bá la wóró kòkó tí ooru mú, inú rẹ̀ á pọ́n bí obì tó ti ṣá. Inú èyí tí ooru kò mú á ní àwọ̀ elésè àlùkò, á sì korò.

Nínú gbogbo àwọn tó kọ́, Afọláyan ará Àpómù ló fẹ́ràn jù. Lọ́dọọdún, Afọláyan á bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú kòkó tó kọ́kọ́ gbẹ, á gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ìkirè, á dọ̀bálẹ̀. Bàbá á fa ọ̀bẹ kékeré yọ lápò, á la wóró kan, á wò ó, á ní, "Ó ti jinná." Ìgbà náà ni Afọláyan tó máa di tirẹ̀ sínú àpò.

2.

Ní òpin ọdún 1992, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún kan. Ìjọba ń wá ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí yóò bá wa ṣòwò, ilé-iṣẹ́ kan láti Jámánì sì gbà láti wá wo kòkó wa. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àárín Ìkirè àti Àpómù ni wọn yóò kọ́ ibùdó sí, tí wọn yóò ti máa rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tààrà. Àwọn ọ̀dọ́ á sì ríṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi, òṣìṣẹ́ ìjọba, wá láti Òṣogbo láti yan àgbẹ̀ tí àwọn àlejò yóò wo kòkó rẹ̀. Bàbá Gàrúbà ti fọ fìlà rẹ̀ láti àná. Àárọ̀ kùtù ló ti jókòó síta tó ń retí.

Olúgbémi yẹ kòkó rẹ̀ wò, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá.

"Kòkó yín dára, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa bá wọn ṣòwò fún ogún ọdún sí i ni wọ́n ń wá. Afọláyan la mú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ọmọ òun náà ni. Àmọ́ ọ̀bẹ kékeré yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bó bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Afọláyan lọ́nà, á dìde wọlé.

3.

Nígbà tí Afọláyan fọ́ kòkó tí àwọn àlejò máa wò, ó wá gba ìmọ̀ràn. Bàbá ní òun gbọ́ pé òyìnbó kò fẹ́ kí ooru mú kòkó púpọ̀ mọ́, pé ẹ̀rọ wọn lọ́hùn-ún ni yóò parí iṣẹ́ náà.

"Ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ṣí i, kí o sá a."

Ó ya Afọláyan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹni lọ̀gá ẹni. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ká ní n kò wá ni, ǹ bá ti bà á jẹ́."

Àṣíáwù, ìyàwó Bàbá, ń sá kòkó nítòsí. Nígbà tí Afọláyan lọ tán, ó gbé orí sókè.

"Baálé mi, ṣé ọjọ́ mẹ́ta ni?"

"Kòkó lò ń sá. Sá kòkó rẹ."

Nígbà tí kòkó náà gbẹ, Afọláyan gbé ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ wá bí ìṣe rẹ̀. Bàbá la wóró kan. Elésè àlùkò ni. Ó yára pa ọwọ́ dé.

"Ó ti jinná," ó wí.

4.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo bí ẹ̀san ṣe ń wá.

Ní ọjọ́ tí àwọn àlejò dé Àpómù, gbogbo àgbẹ̀ ìlú méjèèjì péjọ, Bàbá Gàrúbà sì wà níwájú. Òyìnbó tó ṣáájú wọn la wóró kan, ó la òmíràn, ó là tó ogún. Ó ju díẹ̀ sẹ́nu, ó tu ú dànù. Ó ní kí Olúgbémi bi Afọláyan pé ọjọ́ mélòó ló fi bo kòkó náà, àti pé ta ló kọ́ ọ.

Inú Afọláyan dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó nawọ́ sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni. Bàbá Gàrúbà ló kọ́ mi. Kò sí àgbẹ̀ gidi kan nílùú méjèèjì yìí tí kì í ṣe àwọn ló kọ́ ọ."

Olúgbémi yíjú sí Bàbá. "Ṣé òótọ́ ni? Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ kọ́ wọn?"

Bí Bàbá bá ní ọjọ́ mẹ́fà ni, Afọláyan yóò béèrè lójú gbogbo ayé pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ mẹ́ta fún òun. Bó bá ní mẹ́ta ni, ó ti ba gbogbo ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ènìyàn jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

Òyìnbó pa ọ̀bẹ rẹ̀ dé. Ó ní bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló kọ́ gbogbo wọn, òun kò ní láti wo ti ẹlòmíràn mọ́. Ìlú Gbọ̀ngán ni wọ́n kọ́ ibùdó náà sí. Àwọn ọ̀dọ́ Gbọ̀ngán ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ tó mọ ọjọ́ mẹ́fà dájú ń wo Bàbá, wọn kò lè pe ọ̀gá wọn ní òpùrọ́ lójú àlejò. Àwọn awakọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Gbọ̀ngán ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Ọlọ́jọ́-Mẹ́ta, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó tún wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Afọláyan kò bá a jà. Ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó ọdún tó tẹ̀ lé e gbẹ, Bàbá jókòó síta títí, ọ̀bẹ wà lórí itan rẹ̀. Ó gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́. Afọláyan kí i láti ojú ọ̀nà, ó kọjá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti la tirẹ̀ wò.

Bàbá bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni kí òun ṣe.

"Èmi ń sá kòkó mi," Àṣíáwù dáhùn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá yan ẹni tí ẹ kọ́, ẹ̀yin náà ni wọ́n yàn. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ kò fẹ́ kí ẹnì kan ga jù yín lọ, kí ẹ fa gbogbo ìlú wálẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.