Ọwọ́ Tí Naimat Fi Lu Bọ́ọ̀lù

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa gbá bésìbọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀rù ń ba Naimat. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi lù ló ń bà á lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ ni.

Abdulfatai, télọ̀ láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ṣeré. Nígbà tí Naimat wà ní kékeré, aṣọ ni bàbá rẹ̀ yìí fi ń di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ìbàdí bí ọmọ náà bá fẹ́ jẹun. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ó ní tirẹ̀: bó bá fẹ́ gé aṣọ, á fa kọ́tìnnì, á ní kí àwọn ọmọṣẹ́ bọ́ síta. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ pàápàá, kò bá ọwọ́ ọmọṣẹ́ kankan mu.

Kóòṣì Ọbáyẹmí, ọmọ Àkókó, ló kọ́kọ́ rí i pé Naimat lè fi ọwọ́ méjèèjì lu bọ́ọ̀lù.

"Swíìṣì-híta ni wọ́n ń pe irú ẹ. Ẹni tó lè dúró lápá ọ̀tún lu bọ́ọ̀lù, kó tún yí sápá òsì. Yíyí yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá ń jù ú, apá òsì ni kó o dúró, ojú ẹ á tètè ká a."

"Sà, bàbá mi á pa mí."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

Lórí pápá lọ́jọ́ tí wọ́n ń yàn wọ́n, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni ọmọ Ìdóàní tó ń ju bọ́ọ̀lù, ó sì ń jù ú bí òkò. Naimat dúró lápá ọ̀tún, ó na igi sí i, òfo. Ó tún nà án, òfo. Ẹni tó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹta ti já nìyẹn; ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bó ṣe ń yí lọ sápá òsì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, Olúfúnmilọ́lá, ké: "Yéè! Naimat, bàbá ẹ rèé!"

Abdulfatai dúró lẹ́yìn okùn, téèpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá padà sápá ọ̀tún, ó já. Bó bá dúró síbi tó wà, ilé ò ní gbà á lálẹ́ yìí.

"Bísímílláì," ó wí lábẹ́ ètè, ó dúró sápá òsì.

Gbàà! Bọ́ọ̀lù fò kọjá orí gbogbo wọn, ó yí títí dé ẹsẹ̀ Abdulfatai. Naimat ń sáré, ojú rẹ̀ ò kúrò lára bàbá rẹ̀. Akọ̀wé tó wá láti Àkúrẹ́ ti ń kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n yàn, Naimat ò tiẹ̀ rí i.

"Bàbá Naimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jù ú!" kóòṣì kígbe.

Abdulfatai bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bọ́ọ̀lù, ó wẹ̀yìn wò bí ẹni tó fẹ́ jalè, ó wá fi ọwọ́ òsì sọ ọ́, tààrà, bọ́ sọ́wọ́ kóòṣì.