Igbà Tí Ràṣídì Fi Na Ìyàwó Rẹ̀

Ọwọ́ Ràṣídì yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ọ̀rọ̀ yanjú, ẹ̀ṣẹ́ ni òun fi ń yanjú rẹ̀. Nígbà náà, àgbọn ló kún etí òkun láti Ajah títí dé Ìbẹ̀jù, gígun àgbọn sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a díje lórí igi. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí ará ilé rẹ̀ yáa wá ibi sá sí. Ó ti yọ eyín aládùúgbò kan rí nítorí ewúrẹ́ lásán. Ní ti Làtífátù ìyàwó rẹ̀, lílù ti di oúnjẹ òòjọ́ fún un.

Àwọn tó ń gun àgbọn ní Ajah ní òfin kan lórí igbà, okùn líle tí wọ́n fi ń so ara wọn mọ́ igi. Bàbá Àbọ̀, àgbàlagbà tó kọ́ Ràṣídì níṣẹ́, kì í yé sọ ọ́: “Ẹ fọwọ́ ra igbà yín dáadáa kí ẹ tó gungi. Igbà kì í sì í na ènìyàn. Èyí tó bá na ènìyàn, ẹ sun ún níná, ẹ hun òmíràn.” Ràṣídì a máa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ arúgbó tí kò lè gungi mọ́ ni.

Lọ́dún kan, Làtífátù bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn lọ sinmi fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìbẹ̀jù. Ojú ìyá náà ti ń ṣú, kò sì tíì rí Sàúdátù, ọmọ wọn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

“Ẹ jẹ́ kí ìyá mi rí ọmọ yìí kí ojú wọn tó ṣókùnkùn pátá,” ó wí.

Ràṣídì gbà. Ọkọ̀ ojú omi yóò gbéra ní èbúté lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Àárọ̀ Jímọ̀ náà ni wàhálà dé. Àǹtí Rùkáyàt, oníbàárà tó ń kó àgbọn lọ sí Èkó, rán lọ́rì wá láìròtẹ́lẹ̀, dírẹ́bà sì ní òun kò ní lọ lófìfo. Òrùlé ilé ń jò, Ràṣídì kò tíì tún un ṣe. Làtífátù ń yan gàrí ìrìn àjò, ó ń pọnmi sínú àgbá irin, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fọṣọ. Òun nìkan o! Ṣé ọwọ́ mẹ́fà ló ní ni?

Ràṣídì jáde síta, ó bá agbádá rẹ̀ lórí okùn aṣọ, ó ṣì tutù.

“Kí ni mo máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ àna mi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sàúdátù, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Yóò gbẹ kí ẹ tó dé láti ìdí àgbọn.”

“Èmi lò ń dá lóhùn?”

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n inú Ràṣídì ti hó. Igbà ló wà léjìká rẹ̀, igbà náà ló fà yọ. Ó fi na obìnrin náà lẹ́yìn títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lára bùbá rẹ̀. Làtífátù sá yí àgbá omi ká. Ẹnu àgbá náà mú bí abẹ, bí Ràṣídì bá sì ti tàsé ìyàwó rẹ̀, ẹnu àgbá ni igbà ń bà. Bàbá Àbọ̀ sáré dé.

“Ràṣídì! Igbà lo fi ń na ènìyàn?”

Ó ti bàbá náà ṣubú sínú yanrìn. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́! Ojú kò tilẹ̀ tì í.

Ilẹ̀ tí Làtífátù ṣubú sí ló ti rí igbà náà. “Bàbá Sàúdátù, ẹnu àgbá ti gé igbà yín. Ẹ má fi gungi lónìí.”

Ràṣídì gbá a lẹ́nu. “Èpè lò ń ṣẹ́ fún mi, àbí kí ni?”

Ó gbé igbà kọ́ èjìká, kò fọwọ́ rà á. Ó gun igi kan, kò sí nǹkan. Ó gun òmíràn, ó ń súfèé. Nígbà tó dé orí èyí tó ga jù, ó fara ti igbà, ó gbé àdá sókè, igbà sì já. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Àdá tẹ̀ lé e, ó bà á lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, ó sì kù díẹ̀ kí ó gé e já. Igbe tó ké dé mọ́ṣáláṣí.

Ta ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Làtífátù ni! Ó ya ìró rẹ̀, ó fi di ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Lọ́rì tó wá kó àgbọn ló gbé Ràṣídì lọ sí ilé ìwòsàn ní Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ti lọ ní tirẹ̀.

Wọ́n gé ọwọ́ náà. Ẹsẹ̀ méjèèjì kò sì gbéra mọ́. Làtífátù tọ́jú rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́, títí ó fi lè jókòó. Ọjọ́ tó jókòó dáadáa, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀, ó fi ọwọ́ òsì sọ àwo lu ìyàwó rẹ̀ lórí. Làtífátù kò sunkún. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gba èbúté lọ.

Nígbà tó dé Ìbẹ̀jù, ojú ìyá rẹ̀ ti fọ́ tán. Ọwọ́ ni ìyá fi wo Sàúdátù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní imú òun ni ọmọ náà gbé wá. Ó wá dì mọ́ Làtífátù, ọwọ́ rẹ̀ sì kan àpá ẹ̀yìn rẹ̀.

“Kí lèyí?”

Làtífátù gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

“O ò ní padà síbẹ̀ mọ́,” ìyá wí.

Kò sì padà. Ràṣídì wà lábẹ́ òrùlé tó ń jò títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá ń pa á, àfi kó máa ké pe ará àdúgbò, wọn a sì kọ́kọ́ parí iṣẹ́ wọn. Bàbá Àbọ̀ tó tì ṣubú ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Lọ́jọ́ kan, Ràṣídì di ọwọ́ bàbá náà mú.

“Bàbá, Làtífátù sọ fún mi. Ó ní kí n má fi gungi.”

“Gbogbo wa la gbọ́,” Bàbá Àbọ̀ dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wàhálà iṣẹ́ àti ti ilé kì í tán, pàápàá nígbà tí a bá fẹ́ rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa ru ẹrù kì í ṣe ẹni tí à ń lù. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Ọkùnrin tó bá ń na ìyàwó rẹ̀, kó rántí pé ẹnu tí òun ń gbá ni yóò kìlọ̀ fún òun lọ́la. Bí ẹnu náà bá sì ti kìlọ̀, kó yáa gbọ́.