Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Alàgbà Hezekiah Kò Lò Lórí Òkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ibi tó parí sí ni ọ̀rọ̀ wà.

1.

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni. A ti rò pé kòrónà ti lọ, àfi bó ṣe tún padà dé. Ní abúlé kan lẹ́yìn Akínyẹlé, ikọ́ mú Alàgbà Hezekiah, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, tó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà kan. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó má mí hẹlẹhẹlẹ. Leah ìyàwó rẹ̀ kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó háyà mọ́tò láti Mọ̀níyà, ó gbé ọkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo abúlé wà lóko, ó di ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ń jẹ́ Hàjàrá. Aṣọ funfun bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Bẹ́ẹ̀dì kò tó, àwọn aláìsàn ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Hàjàrá sáré sókè sódò títí ó fi rí bẹ́ẹ̀dì fún Alàgbà, ó fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú, ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dojú bolẹ̀ sùn kí èémí lè rọrùn. Wọn kò jẹ́ kí Leah wọlé, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Hàjàrá ń pè é lórí fóònù.

"Ìyá, wọ́n jẹun lónìí. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹ̀kọ wa ò dán bíi tiyín."

Ní ọjọ́ kọkànlá, Alàgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde.

2.

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ rèé. Kí Alàgbà tó wọ mọ́tò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti bẹ Leah pé, bí wọ́n bá béèrè òun, kí ó ní òun gun òkè àdúrà lọ, òun ń gbààwẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá gbọ́ pé kòrónà ni, kò sẹ́ni tí yóò ra gàrí ilé wọn mọ́, wọn kò sì ní í jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì. Leah gbà. Oyèkúnlé, ọ̀rẹ́ Alàgbà tí oko wọn jọ pààlà, gbọ́ pé ó wà lórí òkè. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, ó bá a ro oko rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Alàgbà lọ dúpẹ́, Leah rò pé níbẹ̀ ni yóò ti sọ òtítọ́. Alàgbà dìde nínú sùtánà rẹ̀ tó funfun báláú.

"Ikọ́ yẹn fẹ́ pa mí," ó ní. "Mo gun orí òkè. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láìsí ikọ́. Ta ló ní kòrónà wà?"

Ìjọ hó yèè. Oyèkúnlé ló jó jù. Leah ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára. Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí Ọlọ́run ló rán nọ́ọ̀sì, Òun náà ni òun sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀.

3.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ikọ́ mú Oyèkúnlé. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó kọ̀. Ó ká ẹní, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó gun òkè lọ nínú ọyẹ́. Ó ní ohun tó ṣiṣẹ́ fún Hezekiah, kí ló dé tí kò ní í ṣiṣẹ́ fún òun?

Leah gbọ́, ó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Kí n wí kí ni fún un?"

"Òtítọ́ ni kí ẹ wí, Bàbá Gift."

"O fẹ́ kí n di ẹlẹ́yà nínú ìjọ tí mo ti ń jẹ́ alàgbà."

Ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ méjì wò ó, ó lè jẹ́ ibà lásán. Leah dúró. Ọjọ́ méjì yẹn ń dùn ún títí di òní.

Ní ọjọ́ kẹta, kò tọrọ àyè mọ́. Ó pe Hàjàrá lórí fóònù, òun àti ìyàwó Oyèkúnlé sì gun òkè pẹ̀lú ọlọ́kadà méjì. Wọ́n bá ọkùnrin náà níbi tó fẹ̀yìn ti àpáta, ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Ọ̀rẹ́ yín ò dé ibí yìí," Leah wí. "Ilé ìwòsàn ló wà."

Oyèkúnlé rọra gbé orí kúrò lára àpáta.

"Mo sì ń bá a ro oko," ó ní.

Hàjàrá ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Gbogbo ohun tó ṣe fún Hezekiah ló ṣe fún Oyèkúnlé, ó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì, Oyèkúnlé kú. Hàjàrá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sọ fún Leah pé ká ní wọ́n ti gbé e wá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni.

4.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kan ẹ̀rí, Leah dìde. Hezekiah fà á láṣọ, kò jókòó. Alàgbà mìíràn ní kí ó jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìsìn. Ó dáhùn pé ó ti pẹ́ jù.

"Ọkọ mi ò gun òkè kankan. Kòrónà ló ṣe é, ilé ìwòsàn ló ti lo ọjọ́ mọ́kànlá, èmi náà sì bá a purọ́. Ọpẹ́ tí a dá lọ́jọ́sí ò pé, mo wá parí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Hàjàrá, Mùsùlùmí ni, funfun ló wọ̀ bíi tiwa, kò sì sá fún ọkọ mi nígbà tí èmi gan-an ń bẹ̀rù èémí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó sún. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe nínú yín, kó jáde. Mo mọ ọ̀nà."

Ìyá arúgbó kan dìde lẹ́yìn, ó fi gèlè bo ẹnu, ó ń wúkọ́. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sílé ìwòsàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà wálé.

Hezekiah kì í ṣe alàgbà mọ́. Láràárọ̀, oko Oyèkúnlé ló ń kọ́kọ́ ro kó tó dé tirẹ̀. Opó Oyèkúnlé ń rí i. Kì í kí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìkìlọ̀ mi rèé. Bí ilé ìwòsàn bá gbà yín là, ẹ má fi pamọ́. Ẹ dárúkọ àìsàn náà, ẹ dárúkọ nọ́ọ̀sì, ẹ dárúkọ dókítà, kí ẹni tó kàn lè mọ ibi tí yóò sá lọ. Ẹ gbàdúrà yín, kí ẹ sì tètè wọ mọ́tò. Bí ọpẹ́ yín bá ní irọ́ nínú, ẹlòmíràn lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án. Bí àwọn ènìyàn bá sì fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí òtítọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ ṣáà wà láàyè láti gbọ́ ọ.