Ta Ló Ń Fa Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Yìí?

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ọyẹ́ mú ní Òkèrèwè débi pé òrùlé ilé òdìkejì kò hàn dáadáa, ètè gbogbo èèyàn sì ti gbẹ. Oyèwọlé gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára jù, ó sì tàn án.

Ní aago mọ́kànlá, iléeṣẹ́ kan ní Èkó fẹ́ bá Tẹniọlá, ọmọ rẹ̀, ṣe íńtáfíù lórí kọ̀ǹpútà náà. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló ti wà nílé, tó ń bá ìyá rẹ̀ gbálẹ̀, tó sì ń bá a bínú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń já kò ní rí ààyè kejì.

Òbìrìkìtì kékeré kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń yí, kò dúró.

"Dádì, àná ni mo ti sọ fún yín," ni Tẹniọlá wí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti kóòtù sókè. Ìró ló ró sísàlẹ̀, torí pé wọn kò ní rí ibẹ̀.

"Mo ń wò ó."

"Láti àná lẹ ti ń wò ó."

Oyèwọlé ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Ogbo. Nígbà tí Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a fi ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Linux rọ́pò rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ń sọ fáwọn èèyàn pé kọ̀ǹpútà òun kì í ṣàìsàn. Ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ó ní kí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ jáde lọ wo bí ọ̀nà ṣe yá sí. Èsì ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Àwọn mìíràn kò padà rárá.

Ó wò ó bóyá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń gbé nǹkan wọlé lábẹ́lẹ̀. Ó bá a pé ó ń gba àtúnṣe tuntun, ó dá a dúró. Òbìrìkìtì ń yí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó ń yí.

Àníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, wọlé tòun ti ìgbálẹ̀. "Ẹ gbá a létí," ó ní. "Bí a ṣe máa ń ṣe rédíò bàbá mi nìyẹn."

"Kì í ṣe rédíò."

"Ìyẹn ni kò ṣe ṣiṣẹ́."

Oyèwọlé ní kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti pọ̀ jù. "Láti ọdún tó kọjá ni àwa mẹ́ta ti ń lò ó, kò sí wàhálà. Àná ló bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀rín àwọn ọmọdé àti orin kátúùnù ń wọlé láti òdìkejì ògiri. Ìrọ̀lẹ́ àná ni Bàbá Ìmísí, aládùúgbò wọn, kó ìdílé rẹ̀ dé láti Àbújá fún ọdún Kérésì.

"Hẹn-ẹ́n," ni Àníkẹ́ wí. "Àwọn ọmọ Àbújá. Kálukú pẹ̀lú fóònù tiẹ̀."

"Àti tẹlifíṣọ̀n wọn," ni Tẹniọlá wí. "Mo rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé. Ó tó ilẹ̀kùn."

"Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́, Bàbá Tẹniọlá."

"Kí n bá ta ni sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n tí mi ò tíì lọ kí kú àbọ̀? Kí n dọ̀bálẹ̀ tán, kí n ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n?"

"Ó dáa. Ẹ máa bọ̀wọ̀ fágbà. Ọmọ yín á máa bá mi gbálẹ̀." Ó tẹjú mọ́ òbìrìkìtì náà. "Ẹni tó bá ń jí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò, káyé ẹ̀ máa yí bí nǹkan yìí ṣe ń yí."

"Àmín," ni Tẹniọlá wí.

Oyèwọlé kò ṣe àmín. Ó kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ inú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó dán páásìwọ́ọ̀dù tó máa ń bá irú ẹ̀ wá láti iléeṣẹ́ wò. Ó ṣí. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ó rí kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbẹ̀, ó rí fóònù tiwọn, ó sì rí tẹlifíṣọ̀n kan àti ọ̀wọ́ fóònù àwọn àjèjì.

"Àwọn rèé," ó ní.

"Ẹ lé wọn!"

Ó lé tẹlifíṣọ̀n. Orin dákẹ́ lódìkejì ògiri. Ó lé fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan pariwo, òmíràn bú sẹ́kún, obìnrin kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rímú mí. Òbìrìkìtì dúró. Èsì wá ń sáré padà bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun.

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ojú ọkùnrin kan àti obìnrin kan yọ, ó mọ́ kedere. Oyèwọlé àti Àníkẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ní ilé ni Tẹniọlá yóò ti máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wọn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Tẹniọlá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá òun ló ń mójú tó o. Kò pẹ́ tí wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àníkẹ́ ju ìgbálẹ̀ sókè.

Wọ́n ṣì ń jó nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ìmísí ni, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Oyèwọlé dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀ sà. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sinmi ná kí n tó wá kí yín."

"Ìsinmi wo? Àwọn ọmọ ò jẹ́ n gbádùn. Nǹkan tí wọ́n ń wò dédé dúró. Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ nípa irú ẹ̀. Jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó."

Oyèwọlé wo ìyàwó rẹ̀. Àníkẹ́ wo ilẹ̀.

Ó wọ bàtà, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n náà wọ ilé kejì, ó dúró níwájú ráútà àárọ̀ yẹn gan-an, èyí tí Bàbá Ìmísí ń sanwó rẹ̀ láti Àbújá lóṣooṣù nítorí kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ilé, ó mi orí, ó sì sọ fún onínǹkan pé àwọn olè ti ń wọ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀.