Àpótí Jíà Ọmọ Onídẹ

Nígbà tí rólà tó ń gbé irin pupa láti ẹnu iléru dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá kò pariwo. Ó wo aago ara ògiri, ó wo ọmọbìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

"Bí rólà yìí ò bá yí kí àwọn oníṣẹ́ ọ̀sán tó dé, mà á pe àwọn mẹkáníìkì ìta. Kí ìwọ padà sí sítóò, kó o lọ máa ka iye nọ́ọ̀tì àti bóòtì."

Ọmọ Onídẹ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Onídẹ, ẹni tó tún rólà yẹn ṣe títí ewú fi bo orí rẹ̀, tí àìsàn àyà fi dá a dúbúlẹ̀ sílé. Bí wọ́n bá fún un ní ọ́ìlì tó ti inú àpótí jíà jáde, á fi ìka méjì ra á, á sì sọ bí idẹ inú rẹ̀ ṣe kù sí. Ọmọ rẹ̀ ti gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò tíì dá ṣí àpótí jíà rí, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó pa iná ẹ̀rọ, ó fi àgádágodo ti súìṣì, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó pe ilé.

Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀ o. Rólà ti dúró. Àpótí rẹ̀ gbóná, ó sì ń dún bí ẹni ń jẹ òkúta."

"Ó ti kàn ẹ́ nìyẹn." Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Má tíì tú nǹkan kan. Fa ọ́ìlì ẹ̀ sínú abọ́ funfun, kó o wo àwọ̀ ẹ̀ lójú oòrùn, kó o wá sọ fún mi."

Ọ́ìlì náà nípọn, kò yá á fà. Ó ta sí i lọ́rùn ọwọ́, ó sì bó o. Nígbà tó tún pe ilé, ìyá rẹ̀ ló gbé e.

"Màámi, Bàámi ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu bàbá ẹ. Èmi ni n ó máa bá ẹ sọ ọ́. Báwo lọ́ìlì yẹn ṣe rí?"

"Ó ń dán bíi góòlù."

"Idẹ ló ti jẹ. Bàbá ẹ ní irin kì í jẹ níbẹ̀. Yọ jíà idẹ náà, kó o fi tuntun sí i."

Ọ̀pá irin kan wà nínú àpótí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ lọ́ bíi ti bóòtì. Iná mànàmáná ló ń yí ọ̀pá náà, ọ̀pá á yí jíà idẹ, jíà á yí rólà. Ọ̀pá lè yí jíà, jíà kò lè yí ọ̀pá, bó ti wù kí wọ́n tì í tó. Idẹ rọ̀ ju irin lọ, nítorí náà òun ló ń jẹ kí irin má bàa jẹ. Onídẹ máa ń ròyìn èyí àti bí òun ṣe ń tún un ṣe nídìí oúnjẹ títí ìyàwó rẹ̀ á fi bi í bóyá òun ló fẹ́ ni àbí jíà.

Eyín jíà tí ọmọbìnrin náà yọ ti fẹ́lẹ́ bí abẹ. Ó gbé tuntun wọlé, ó sì fi fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀ kó lè máa gbọ́ ìyá rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ ẹ wà nínú ẹ̀ báyìí?"

"Ó wà nínú ẹ̀, Màámi."

"Rọra o. Kun ọ̀dà búlúù sójú ọ̀pá irin, kó o fọwọ́ yí i, ká rí ibi tí wọ́n ti ń kanra. Ibo ni búlúù ti hàn lára eyín idẹ?"

"Etí kan ni." Ó tẹ́tí. "Ariwo ta nìyẹn?"

"Àwọn ará ilé kejì ló wá kí wa. Má wo ariwo. Sún jíà náà títí búlúù á fi bọ́ sáàárín."

Ó sún un, ó nu ún, ó tún kùn ún. Òógùn ń kán sí i lójú. Nígbà tí búlúù bọ́ sáàárín eyín, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ń mì díẹ̀, Màámi. Ṣé kí n fún béárìn tó di ọ̀pá mú pa?"

"Má fún un pa!"

"Ẹ ò tíì bi Bàámi!" Ọmọ Onídẹ bú sẹ́rìn-ín.

"Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tára ẹ̀ bá gbóná, á wú. Tó o bá fún un pa, á há."

Ohùn rẹ̀ já níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó gbọn fóònù náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ó pa àpótí náà dé, ó bu ọ́ìlì tuntun sí i, ó ṣí àgádágodo, ó tan iná. Rólà yí lófìfo fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá gbé irin lé e, ó sì gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ kan àpótí náà, ó rí i pé kò gbóná jù.

"Bíbíire ò ṣe é fowó rà," ló wí. Kò dárúkọ sítóò mọ́.

Ọmọ Onídẹ sáré bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

"Màámi, ó yí! Ẹ gbé fóònù sí Bàámi létí, kí wọ́n gbọ́ ọ!"

Ó na fóònù sí ìhà rólà, irin sì ń kọjá lórí rẹ̀. Ó gbé e padà sétí.

"Ṣé wọ́n gbọ́ ọ?"

"Ṣé ọwọ́ ẹ ti kúrò lára ẹ̀rọ?"

"Ó ti kúrò, Màámi. Ìta ni mo wà."

"Wá ibì kan jókòó sí, ọmọ mi."

Ó jókòó sórí bulọ́ọ̀kù kan.

"Ìpè àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni bàbá ẹ gbé, ẹ̀mí ti bọ́ lẹ́nu wọn kó o tó fa ọ́ìlì tán, mi ò sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ nígbà tọ́wọ́ ẹ ṣì wà láàárín irin."