Ìka Méjì

"Bàbá, orúnkún yín ò tíì kú?" onígi tó gbé igi dúró de bọ́ọ̀lù níbi eré béésíbọ́ọ̀lù fi amúbọ́ọ̀lù tó lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Amúbọ́ọ̀lù na ìka méjì sí Delbert ajubọ́ọ̀lù: ju jẹ́jẹ́. Ó sì mọ̀ pé onígi yìí kì í tàsé bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́. Ìlara ni, kò lórúkọ míì. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń lóṣòó káàkiri àwọn ìlú kéékèèké Áówà ní Amẹ́ríkà, ẹnì kankan ò wá wò ó rí. Delbert ò tíì lo oṣù mẹ́ta tí aṣojú ẹgbẹ́ ńlá fi wá jókòó sétí pápá.

Delbert jù ú bẹ́ẹ̀. Onígi gbá a kọjá pápá wọ oko àgbàdo.

Lẹ́yìn eré, aṣojú kọjá lára Delbert, ó lọ bá amúbọ́ọ̀lù.

"Ìwọ ni mo wá wò. A ti gba Delbert lọ́jọ́ Ajé, ó ní ọpọlọ rẹ lòun fi ń ju bọ́ọ̀lù, òun ò ní lọ láìsí ẹ. Ta ló ní kó ju jẹ́jẹ́ yẹn?"

"Èmi ni," Delbert dáhùn lẹ́yìn wọn. "Ẹ̀gbọ́n ní kí n ju líle, mo ṣagídí."

Amúbọ́ọ̀lù fi ìbọ̀wọ́ bo ìka méjì tó nà sí Delbert.