Àlejò Ràfíátù

Àgbẹ̀ kòkó náà ń fi ṣíbí bu ògì sẹ́nu Ràfíátù, ìyàwó rẹ̀, nínú ilé wọn ní Òmù-Èkìtì. Àìsàn ìgbàgbé ti mú kí obìnrin náà má dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́.

"Ẹ ṣeun," ni Ràfíátù wí. "Ẹ láàánú gan-an. Ẹ ò jọ ọkọ mi rárá."

"Kí ni ọkọ rẹ ṣe?"

"Nígbà tí ọmọ wa kú, ó ní èmi ni mo pa á. Ó lù mí lọ́jọ́ ìsìnkú."

Ọkùnrin náà rọra nu ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tilẹ̀kùn kó tó dé."

Ó bọ́ síta, ó fa ilẹ̀kùn dé. Kò wọlé títí oorun fi gbé Ràfíátù lọ.